Ààwẹ̀ Tí Kọngílá Gbé Síta

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi obìnrin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tó ń kí ọ. Inú oyún ni mo ṣì wà tí bàbá mi fi kú. Èmi ni mo ń ru páànù kọ́ńkéré nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé àpò ìwé kọ́rùn. Mo sùn nínú ilé tí kò lórùlé, mo fi àpò sìmẹ́ǹtì bora, òjò rọ̀, àpò náà gan mọ́ mi lára, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi òòlù gbẹ́ mi jáde láàárọ̀. Mo jábọ́ láti orí pákó, mo bọ́ sórí iyanrìn, mo dìde, mo ní iyanrìn náà kò kúnná tó. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ lé mi, ìkejì kó owó iṣẹ́ sá lọ, ìkẹta ní orí mi le ju búlọ́ọ̀kù lọ. Ara àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà já láyé mi ni “má jẹ́ kí omi kàn án.” Lónìí, bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn ilé pàápàá ń dìde kí mi.

O kú iṣẹ́ o, o kú òtútù, o kú àìrójú. Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi, mo sì gbọ́ pé o ti yege ìdánwò awakọ̀ tó ti ń gbé ọ ṣubú láti ìgbà tí o ti dé òkè òkun. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtè lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ kúrú. Ọmọ tí mo rán lọ sílé ìwé tó parí, kó wá kọ ìlà mẹ́fà sí mi bí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá, mo dìde láàárín ìjọ, mo ní bí Olúwa bá jẹ́ kí ọmọ mi yege, n óò gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Kò sómi, kò sóúnjẹ, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bàbá télọ̀ tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó ní ọjọ́ mẹ́ta náà tó. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni ti àwọn tó ń jókòó rán aṣọ. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Olúwa ti ṣe tirẹ̀, ó ku tèmi. Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀, nígbà kan náà tí mo ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀fẹ́ ni o, n kò gba kọ́bọ̀.

Ya àwòrán ìwọ àti bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́. Má jókòó sínú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni kí o dúró sí, kí àwọn èèyàn lè fi ọ́ wọn bó ṣe tóbi tó.

Èmi bàbá rẹ,
kọngílá àgbà, agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ọmọ yín kúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnira. Yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí tábìlì tó ń mì, láàárín ife kọfí àwọn tó jáde láìfọ̀ wọ́n. Ẹ má bínú sí ìwé tó kúrú. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́, àárín iṣẹ́ méjì ni mo ti jí àkókò.

Bàbá, ìyá mi ti sọ fún mi lórí fóònù. Ẹ ní ẹ lọ kí dókítà ni, àṣé dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ó rí ìtọ̀ ṣúgà, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lásìkò, kí ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín, pé bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè ṣubú kí ẹ má dìde. Ẹ gba oògùn yín, ẹ sì pa ẹnu yín mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa á mọ́ fún ohunkóhun.

N kò sọ pé ààwẹ̀ kò dára. Èmi náà ti gbà á rí. Ìdánwò tó ṣáájú èyí tí mo yege, mo gbààwẹ̀ lé e lórí, mo lọ síbẹ̀ láìfi omi kan ẹnu. Ọ̀gá tó ń dán mi wò ní kí n yà sọ́tùn-ún. Ọ̀tún méjì ni mo rí. Mo yan ọ̀kan nínú wọn, mo sì bá ara mi láàárín òdòdó tí ìjọba gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Lọ́jọ́ tí mo yege, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, mo gbàdúrà kúkúrú, mo sì wakọ̀ bí ọmọlúàbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá pásítọ̀, kó tú yín sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ náà. Ẹ̀mí yín ni mo fẹ́, kì í ṣe ebi yín. Àti pé, Bàbá, ẹ dákun, ẹ dẹ́kun àtimáa sọ fún ìjọ pé mo jẹ́ ọ̀gá awakọ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, bọ́ọ̀sì ni mo ṣì ń fọ̀. Ọmọ ìjọ kan tó kọjá níbí wá kí mi, abẹ́ bọ́ọ̀sì ló ti rí mi, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀rù fún yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo sì tún kà á sókè fún ìyá rẹ, kó lè gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní bí òun bá tún rí fóònù, òun yóò tún sọ ọ́.

Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ẹ̀wù tí èèyàn ń bọ́ sílẹ̀ torí pé ooru mú. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀. Pásítọ̀ kò sì lè tú mi sílẹ̀ nínú ohun tí kò dè mí sí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kú kí n tó rí àwòrán bọ́ọ̀sì. Mo wá fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ro ó títí, ọgbọ́n sì dé, irú ọgbọ́n tí wọn kì í kọ́ni nílé ìwé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tí ẹ lọ kò fi ní in.

Gbọ́. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ilé fún mi, ṣé èmi ni mo ń to búlọ́ọ̀kù? Bíríkìlà ni. Ṣé èmi ni mo ń kan òrùlé? Káfíńtà ni. Ta ló ń kun ún? Akunlé ni. Bí ilé bá parí, ta ni aráyé ń pè ní ẹni tó kọ́ ọ? Èmi ni. Kí ló wá dé tí ti ààwẹ̀ yóò fi yàtọ̀? Ọlọ́run gbé iṣẹ́ fún mi, mo sì gbé e síta.

Mo pe àwọn mẹ́ta tó ń bá mi kọ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Bíríkìlà ló gba ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ torí òun lara rẹ̀ le jù. Káfíńtà gba méjì, akunlé gba méjì, èyí tó kù wọn yóò pín in láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ààwẹ̀ náà kò ní já níbì kankan, ọwọ́ ló ń yí padà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń na búlọ́ọ̀kù sí ara wọn. Bíríkìlà bi mí bóyá Ọlọ́run mọ̀ sí ètò yìí. Mo ní Ọlọ́run ni oníṣẹ́, èmi ni kọngílá, kò sóhun tó kan bíríkìlà pẹ̀lú oníṣẹ́.

Má rò pé mo káwọ́ gbera o. Iṣẹ́ alábòójútó kò kéré. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ni n óò máa gbóòórùn ẹnu wọn, torí ẹnu tó ń gbààwẹ̀ ní òórùn tirẹ̀, kò ṣeé fi ṣe àyédèrú. Èmi fúnra mi yóò máa jẹun bí dókítà ṣe wí, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, kí n lè lágbára láti máa ṣọ́ àwọn tí kò jẹun.

Olúwa tún sọ pé ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, kó fi òróró pa orí kí aráyé má baà mọ̀. Mo tẹ̀ lé e láìyọ kínún kúrò. Mo ti ra ìgò òróró ńlá, a sì ti ń dán an wò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wa fi pa orí, títí kan èmi. Bí a bá jáde sí oòrùn, orí wa ń kọ mànà bí páànù òrùlé tuntun. Gbogbo àdúgbò wá ń dúró wò wá, wọ́n ní, “Ẹ wò wọ́n, àwọn tó fẹ́ gbààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ nìyẹn.” Bàbá télọ̀ rí mi, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìmọ́lẹ̀ náà ló pọ̀ fún un.

Àwòrán dà?

Èmi bàbá rẹ, ẹni tí ọgbọ́n kò tán nínú rẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi, mo kí àwọn orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń dán.

Ibùdó tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà ni mo ti ka ìwé yín. Mo rẹ́rìn-ín títí arúgbó kan tó jókòó lẹ́yìn mi fi béèrè bóyá kí òun pe ẹlòmíràn wá wakọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà dá, inú mi kò dùn mọ́.

Bàbá, ẹ̀yin náà ti ṣe lébìrà rí. Àwọn èèyàn yẹn ń gun àkàbà, wọ́n ń gbé ẹrù tó wúwo, ẹ wá ní kí wọ́n fi inú òfo ṣe é. Ṣé wọ́n lè wò yín lójú kí wọ́n ní àwọn kò ṣe? Ẹni tó ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́la, kí ló fẹ́ sọ ju “ó dáa, Bàbá” lọ?

N kò kọ́ ẹ̀kọ́ pásítọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ààwẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń parí kí Ọlọ́run lè wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Èèyàn ń fi ohun kan sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè pa rọ́rọ́, kó lè gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń bá a sọ. Bí bíríkìlà bá fi oúnjẹ sílẹ̀, bíríkìlà ni yóò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun. Mo bẹ̀ yín. Àwòrán wà nínú àpò ìwé yìí. Iwájú bọ́ọ̀sì ni mo dúró sí bí ẹ ṣe wí. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi ni mẹkáníìkì wa, ẹ má sọ fún ìjọ pé ọkọ mi ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kò fèsì. Mo pe fóònù ìyá mi, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe tiyín, wọ́n ní ẹ ti pa á. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé sí mi kí n tó fèsì èyí tó ṣáájú.

Bí ẹ bá ń bínú sí mi torí ohun tí mo kọ, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ fi ìbínú náà ránṣẹ́. Lánàá mo wakọ̀ kọjá ibùdó méjì láìdúró, àwọn èrò ń tẹ aago, n kò gbọ́. Ojú yín ni mo ń rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti gba ààwẹ̀ náà fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi. Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo. N kò ní ṣàròyé pé ó kúrú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Ìyá rẹ náà wà láàyè, ara rẹ̀ ti ń yá. Má wakọ̀ kọjá ibùdó mọ́, wọn yóò gba bọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ, mo sì ti fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri pálọ̀.

Ìyá rẹ ló ṣubú. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ láti ìpìlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀, bíríkìlà gbé ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sókè. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, mo rí i pé ògiri náà tẹ̀ síwájú. Mo ní kó ta okùn. Ó ta á, ó wò ó, ó ní ògiri dára, okùn ló wọ́. Pásítọ̀ dé bá wa níbẹ̀. Ó fi orí sọ́tùn-ún, ó fi sósì, ó sún sẹ́yìn, ó wá rọra bi mí pé, “Alàgbà, ṣé ògiri yìí ń forí balẹ̀ ni?” Mo ní yóò dìde tó bá gbẹ.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹta, nǹkan yí padà. Àwọn ọkùnrin náà ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Káfíńtà ń ru igi tí ẹni méjì ń rù. Ètè ẹni tí ààwẹ̀ kàn funfun báláú, ó gbẹ bí ọ̀dá, mo sì gbóòórùn ẹnu rẹ̀, mo ní ó péye. Mo lọ bá pásítọ̀, mo ní kó wá wo bí ààwẹ̀ tí a bá mójú tó dáadáa ṣe ń fún èèyàn lágbára. Mo ní kò sí wòlíì tó tíì ronú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, kò sí.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìyá rẹ ń gbé oúnjẹ mi bọ̀ lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Abọ́ yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ilé tí omi ti jẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Ọmọ mi, mo ti rí ilé tó wó rí, ẹ̀rù kò bà mí bẹ́ẹ̀. Mo figbe ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré wọlé láti gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, akunlé tí ààwẹ̀ kàn lọ́jọ́ yẹn nìkan sì gbé e lé èjìká títí dé ọsibítù. Bí mo ṣe ń sá tẹ̀ lé e, ó yà mí lẹ́nu ibi tí agbára yẹn ti wá.

Dókítà béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Mo ní àárọ̀ yẹn ni, èmi fúnra mi rí ìkòkò lórí iná. Bíríkìlà, tó bá wa sáré débẹ̀, wúkọ́. Ó ní kí n dárí ji òun, Màmá kò tíì jẹun. Lọ́jọ́ tí ògiri wọ́, ó ti lọ bá ìyá rẹ, ó ní àwọn yóò máa jábọ́ lórí pákó, òun sì ní ọmọ nílé. Ìyá rẹ ní kí wọ́n máa wá jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Ó ní bí ẹ̀jẹ́ bá sì gbọdọ̀ pé, kí èmi má baà kú, òun yóò gba ààwẹ̀ náà fúnra òun. Òun ló fún wọn ní ẹfun tí wọ́n fi ń kun ètè. Ó ń dáná fún mi, ó ń dáná fún wọn, kò tọ́ ọ wò.

Nígbà tó lajú, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Ìgbà wo lẹ dákẹ́ rí tí n bá fi sọ ọ́?”

Mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo pa fóònù, mo ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ fún un láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ìdí tí o kò fi rí ìwé nìyẹn. Ìwé tí o kọ nípa pé bíríkìlà ni yóò gbọ́, mo tún un kà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Lẹ́yìn náà mo ká a sápò.

Pásítọ̀ wá. Ó ní ẹ̀jẹ́ mi wà lọ́rùn mi, ẹnikẹ́ni kò lè fi ikùn tirẹ̀ san án fún mi, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò béèrè ikùn aláìsàn. Ó ní kí n wá ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, kí n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí n sì máa jẹ oúnjẹ tí mo bá ń jẹ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ mi, nínú ìkòkò kan náà, torí irú ààwẹ̀ tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ni kí ẹni tí ebi ń pa yó. Mo ní kò sóhun tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ àfi iṣẹ́. Ìyá rẹ kò la ojú, ó kàn sọ ọ́ láti orí ibùsùn, “Ẹnu wọn.”

Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Bíríkìlà jáde lọ wúkọ́ níta, ikọ́ náà sì jọ ẹ̀rín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a fún mi. Fún ọjọ́ méje, n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ara mi, n kò gbọdọ̀ ka ohun tí mo kọ́ àti ohun tí mo là kọjá fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kó parí. Mo ní kí wọ́n dín in sí mẹ́ta. Pásítọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ni ti àwọn tó ń jókòó rán aṣọ.

Mo dán an wò lánàá, kí n lè mọ bó ṣe wúwo. Ọkùnrin kan béèrè ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dé ibi tí ọ̀gá mi kejì ti kó owó sá lọ, ọkùnrin náà sì ń wá ọ̀nà tí yóò gbà fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi, ebi rọrùn jù ú lọ. Ebi kì í ti èèyàn láti inú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti mí. Ọ̀fun mi ń yún mi báyìí tí mo ń kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, n óò wó ògiri ẹ̀yìn yẹn fúnra mi, a ó sì tún un gbé lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn náà, n óò nàka sí bíríkìlà. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ń gbààwẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, àti pásítọ̀, àti bàbá télọ̀, àti àwọn tó tò sẹ́yìn wa ní ọsibítù. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni n óò máa gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀, n óò dákẹ́ títí yóò fi parí, n óò sì tún dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó kù.

Bàbá rẹ.